Bí Mo Ṣe Wá Ọdẹ́lànà Dé Àárín Gbùngbùn Ojú Ọ̀run

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ohùn mi kò le tó ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó lọ mu ún báyìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó sùn, n kò ní bínú. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn kò mú, ẹran tí ẹ pa lánàá sì ti wà lórí iná. Bó bá jinná kí n tó parí, ẹ bu tèmi sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ẹsẹ̀ mi ló rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi lẹ́nu láìdùn mọ́ mi nínú.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ẹ̀fúnṣeun, ará Òkè-Àgbọn. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mo bá erè wọ̀yá ìjà nínú odò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, tó jẹ́ pé erè ló kọ́kọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pàtẹ́wọ́, ẹ pa á báyìí, torí ibi tí ìtàn yìí ń lọ, ẹ lè má rí ààyè fún un mọ́.

Ó dáa. Ẹ ṣeun.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní. Ọdẹ́lànà ni orúkọ rẹ̀, mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Bó bá wọlé báyìí, àwọn adìẹ pàápàá á máa tẹ̀ lé e kiri àgbàlá. Márùn-ún ni ìyá wa bí, àwa méjì la kù fún un, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé Ọdẹ́lànà ló fẹ́ràn jù. N kò bínú sí i. Èmi náà, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí a wa iṣu tán, èmi àti ẹ̀ lépa àgbọ̀nrín kan dé orí àpáta ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun igbó wa. Ibẹ̀ ni ààjà ti dé bá wa. Ẹ̀yin náà mọ ààjà, ìjì tó máa ń yí bí òòyì tó sì máa ń gbé ènìyàn lọ. Ó gbé Ọdẹ́lànà kúrò nílẹ̀ bí ẹni gbé ewé gbígbẹ. Mo fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò igi mú, mo fi èkejì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń wò mí. Kò tilẹ̀ bẹ̀rù, nítorí ó rí i pé èmi ni mo dì í mú. Ìjì náà fà á, mo fà á, ó tún fà á.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ mi ṣí.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ọwọ́ mi ṣí. Bóyá ó rẹ̀ mí ni, bóyá èmi fúnra mi ni mo ṣí i, n kò dá ara mi lóhùn nígbà náà. Ó lọ sókè, ó ń la ẹnu, ìjì sì gba ohun tó fẹ́ wí mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá wa pé ààjà gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Mo ní, "Mo dì í mú."

Ó ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì padà sínú ilé.

Ìgbà yẹn náà ni ara mi kú. Ẹ̀gún á gún mi, ó di ìgbà tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ kí n tó mọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀, awọ bó, mo jókòó mo ń wò ó. Ìyàwó mi, Ìbídùn, sunkún lójú mi títí, mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò tó ń rọ̀ ní ìlú mìíràn. Nígbà tó yá, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ìta.

Ní òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa, àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run ti gbé àwo irin ńlá kan kalẹ̀, ó fẹ̀ ju agbo ilé yìí lọ, ó dojú kọ òkè bí ẹni ń gba omi òjò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fadérera ni olórí ibẹ̀. Ìyá Àwo-Irin ni gbogbo wa ń pè é. Ẹran ìgbẹ́ tó máa ń rà lọ́wọ́ mi ló jẹ́ kí a mọra. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá sílé wa, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Mama, ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ẹ bá mi dé orí òkè. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Ìyá mi dìde. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ àwo náà, Ìyá Àwo-Irin na bébà kan sílẹ̀ tó ti ya àwòrán sí. Ó ní, "Àárín gbùngbùn ojú ọ̀run nìyí. Gbogbo ìràwọ̀ tí ẹ̀ ń wò lókè yẹn, ibí yìí ni wọ́n ń yí po. Ṣùgbọ́n eruku bò ó. Ojú wa kò lè rí i."

Mo ní, "Bí ojú kò bá lè rí i, báwo lẹ ṣe yà á?"

"Mo gbọ́ ọ ni," ó ní. "Èéfín ló pọ̀ níbẹ̀, òmíràn gbóná ju iná alágbẹ̀dẹ lọ, òmíràn tutù. Gbogbo wọn ló ń ké. Kì í ṣe igbe tí etí ń gbọ́. Irú èyí tí rédíò máa ń gbé ni, eruku kò sì lè dí i lọ́nà. Àwo irin yìí ń gbá a jọ lọ́sàn-án àti lóru, nínú òjò pàápàá. Ohun tó bá gbá jọ ni mo fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ó fi ìka tọ́ka. Ó fi àwọn okùn gígùn kan hàn wá tó nàró gbọnrangandan. Ó fi kùrukùru tútù kan hàn wá tó rí roboto bí òrùka. Láàárín òrùka náà, ìṣàn èéfín gbígbóná mẹ́ta ń ká wọlé bí ìrù ọ̀gà, wọ́n ń lọ síbi kan ṣoṣo.

Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ihò. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde. Ìmọ́lẹ̀ gan-an kì í jáde." Ó wo ìyá mi lójú. "Láti ọdún mẹ́ta ni ohùn kan ti dà pọ̀ mọ́ igbe èéfín náà. Mo ti yí i síwá, mo ti yí i sẹ́yìn. Ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn ló ti jáde wá. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta náà ni wọ́n ní ọmọ yín ti lọ, Mama. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

Ó fi nǹkan ìgbọ́hùn sí ìyá mi létí. Ìyá mi jókòó, ó di ojú, kò mira. Ó pẹ́ débi pé iyán tí mo jẹ láàárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nínú mi. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ́, ó gbé e fún mi. Èmi gbọ́ ariwo kan bí epo tó ń hó nínú agbada, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọdún mẹ́ta nìyí: "Lọ bá a."

Mo rò pé ó fẹ́ kí n mú un bọ̀ ni.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn dé ojú ọ̀run. Ọ̀nà kan náà tí Ọdẹ́lànà gbà lèmi náà gbà. Mo dúró lórí àpáta náà fún ọjọ́ mẹ́rin títí ààjà fi dé. Lọ́tẹ̀ yìí n kò di gbòǹgbò igi kankan mú. Mo ká apá mọ́yà, mo ní kó máa gbé mi lọ.

Inú Igbó Eruku ló jù mí sí. Igi ibẹ̀ eruku ni, ewé ibẹ̀ eruku ni, ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ eruku ni. Mo ṣí ojú, mo pa á dé, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀mí kan ń gbé ibẹ̀ tí ó ń jẹ́ Olójú-Àìmọye. Ìgbẹ̀yìn ni mo tó rí i pé ojú wà lórí rẹ̀, ojú wà láyà rẹ̀, ojú wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, eruku sì ti kún gbogbo wọn. Kí n tó mọ̀ pé ó wà nítòsí, ó ti ki eyín bọ èjìká mi òsì. Ó ń retí kí n ké. N kò ké.

Ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́. Ẹ dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ìgboyà. N kò mọ̀ ọ́n lára ni. Ìgbà tó gbé ẹnu kúrò ni mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Olójú-Àìmọye ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Irú ènìyàn wo ni ìwọ yìí tí kì í ké? Ó dáa, ìbéèrè kan ni mo ní. Gbogbo ẹni tó kọjá níbí ni mo ń bi, gbogbo wọn ló purọ́ fún mi, gbogbo wọn ni mo jẹ. Báwo ni mo ṣe rí?"

Mo ní, "N kò rí ọ. Kò sí ẹni tó lè rí ọ nínú eruku yìí. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo fi etí lé e láyà. Mo tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ṣe ń tẹ́tí sí ihò òkété. Mo ní, "O ga ju ìrókò lọ, nítorí èémí rẹ pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ọ̀tún kúrú, ìró rẹ̀ kò bá tòsì dọ́gba. Inú rẹ ṣófo, ó ti pẹ́ tí o jẹun. O sì ń gbọ̀n. Ìwọ náà ń bẹ̀rù wa, kì í ṣe àwa là ń bẹ̀rù rẹ nìkan."

Gbogbo ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe omi, omi náà sì fọ eruku díẹ̀ kúrò níwájú mi, ó di ọ̀nà tóóró kan. Ó ní, "Máa lọ kí ebi tó tún gbà mí lọ́kàn." Mo lọ.

Ìlú Okùn ni mo yọ sí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún okùn ló nàró níbẹ̀, wọ́n ń tàn, wọ́n tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n sì gùn kọjá ibi tí mo lè wò dé lókè àti nísàlẹ̀. Okùn ni ilé àwọn ará ibẹ̀, okùn ni ọ̀nà oko wọn. Bí ẹnì kan bá ń gòkè lórí tirẹ̀, á kí ẹni tó wà lórí okùn kejì: "Ẹ kú ìgòkè o!" Èkejì á dáhùn: "Ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀!" Kò sí ẹni tó ń kọjá sórí okùn ẹlòmíràn. Tọkọtaya tó bá wà lórí okùn méjì, ìkíni ni gbogbo ìgbéyàwó wọn.

Obìnrin arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè wọn. Oríṣìíríṣìí kókó ló wà lára okùn tirẹ̀, kókó kọ̀ọ̀kan sì ní imú àti ẹnu. Ó ní, "Àlejò, kí o tó kọjá, dá mi lóhùn. Ta ló ta àwọn okùn wọ̀nyí?"

Mo wo àwọn kókó náà. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọba kan báyìí ló ta á. Òmíràn ní ìjì ni. Òmíràn ní òkúta iná kan ló sáré kọjá, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi ni wọ́n.

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀."

"Tún un wí."

"N kò mọ̀."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èmi náà kò mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó síbí, ìwọ ni ẹnì kejì tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́." Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, mo kọjá.

Ó yẹ kí inú mi dùn pé Ọdẹ́lànà gba ibẹ̀. Mo dúró díẹ̀ kí ìdùnnú náà dé. Kò dé. Mo ń bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn Ìlú Okùn ni Ilẹ̀ Òrùka. Kùrukùru tútù ni ilẹ̀ náà, ó ṣù jọ gẹ́gẹ́ bí ebè, gbogbo ebè náà sì ń yí lọ. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń rìn. Wọ́n ń rìn jẹun, wọ́n ń rìn bímọ, wọ́n ń rìn sun oorun. Mo bọ́ sáàárín wọn, obìnrin kan tó ru igbá sórí sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

"Má dúró!" ó ní. "Kí ló dé tí o fẹ́ dúró? Gbé ẹsẹ̀, gbé ẹsẹ̀!"

Mo gbé ẹsẹ̀. "Ìyá, bí mo bá dúró ńkọ́?"

"Ilẹ̀ yìí dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sínú. Ẹni tó bá ń rìn ni kì í yọ̀ ṣubú. Ẹni tó bá dúró, á máa yọ̀ lọ, á bọ́ sínú èéfín gbígbóná, èéfín á sì gbé e lọ síbi ihò náà. Orúkọ mi ni Má-dúró. Orúkọ ìyá mi náà nìyẹn."

A rìn. Mo sọ fún un pé àbúrò mi ni mò ń wá, ọmọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín. Má-dúró kò wò mí, ojú ọ̀nà ló ń wò.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó bá wa yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń bá mi ru igbá yìí. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kó má dúró."

"Kí ló wá mú un dúró?"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní ó ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti jọ pínyà, ẹ̀gbọ́n òun kò sì mọ ọ̀nà, òun á dúró dè é. Mo bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa la bẹ̀ ẹ́. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, ilẹ̀ sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ kan àyà mi láti wò ó bóyá nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí ìgbà tí mo fọwọ́ kan ògiri ló rí.

Mo ní, "Ìyá Má-dúró, ẹ ṣeun." Mo sì dúró.

Ó pariwo mọ́ mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn yà fún mi, wọ́n ń kọjá lọ, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí.

Èéfín gbígbóná náà pupa, ó ń ṣàn bí odò tó kún lẹ́yìn òjò, ó sì ń ké débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Irun apá mi jóná. Irun ojú mi jóná. Mo rí i bí ó ṣe ń jó, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìṣàn méjì mìíràn ń bọ̀ láti apá ibòmíràn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ká bọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àwo-Irin ṣe yà á sínú bébà. Mo rò ó lọ́kàn mi pé obìnrin náà kò purọ́ o. Ó jókòó sórí òkè ní Òkè-Àgbọn, ó sì mọ ibi tí odò yìí ti ṣẹ́ kọ́rọ́.

Ní etí ihò náà, bàbá arúgbó kan na ọ̀pá sí mi, ó sì fà mí sórí òkúta. Oníbodè ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó sì ń fẹ́ lọ sínú ihò náà láìsinmi.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bí ihò náà ṣe rí. N kò rí nǹkan kan. Ibi kan ni tí ojú dé tí kò bá ohunkóhun pàdé.

Ọdẹ́lànà ló wà lẹ́bàá rẹ̀. Kò jìnnà, ibi tí mo lè ju òkò dé ni. Ó dúró sínú èéfín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè bí ẹni fẹ́ tẹ àtẹ̀gùn, ó yíjú sẹ́yìn, ó na ọwọ́, ó la ẹnu. Aṣọ ọdẹ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì gbó. Kò fi ọjọ́ kan dàgbà.

Mo ní, "Baba, ṣé ó ti kú ni?"

Oníbodè ní, "Kò kú. Ó ń rìn. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Níbi tó wà yẹn, bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ọdún púpọ̀ nílé yín. Láti ìgbà tó ti débẹ̀ ló ti ń pe orúkọ kan, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tíì jáde: Ẹ̀. Ó kù 'gbọ́n'."

Mo wo ẹnu àbúrò mi. Òótọ́ ni.

"Bí mo bá lọ bá a ńkọ́?"

"Wàá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wàá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kí o tó dì í mú tán, gbogbo ẹni tí o mọ̀ láyé á ti kú, ilé yín á ti di igbó. Ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ máa bọ́ lọ, kò sẹ́ni tó ń padà láti ibẹ̀. Ibi tí o dúró sí yìí gan-an, ọdún ti ń lọ lọ́wọ́ rẹ nílé. Pinnu kíákíá."

Akínbọ̀dé, ìwọ tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, mo rí ọ tí o ń mi orí. Sọ ohun tó wà nínú rẹ.

"Baba, ẹ má bínú. Ọmọ ìyá yín ni. Kí ló dé tí ẹ kò fò síbẹ̀?"

Ìbéèrè gidi lo bi mí. Bí mo bá fẹ́ kí ẹ yìn mí, màá ní ìyá mi ni mo rò. Mo rò ó lóòótọ́. Mo ní bí n kò bá padà, yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi kú, kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kú kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹsẹ̀ mi kò gbéra, òun nìkan ni mo mọ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo dá àbúrò mi lóhùn. Mo kó gbogbo èémí mi jọ, mo ké pè é. Oníbodè ní yóò gbọ́ ọ. Ó ní yóò pẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ọ.

Ní etí ihò náà, afẹ́fẹ́ kan wà tó ń tú jáde, ó wú bí akèrègbè ńlá méjì, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Oníbodè fi ọ̀pá tì mí sínú ti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà gbé mi títí dé ayé, bí mo ṣe jáde nìyẹn.

Ní ìṣirò tèmi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo ìrìn-àjò náà gbà. Nígbà tí mo dé Òkè-Àgbọn, àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ ló ń ṣeré lójúde wa. Irun Ìyá Àwo-Irin, tí mo bá pàdé lọ́nà, ti funfun báláú. Ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lọ.

Ìyá mi wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ níwájú ilé. Ó ti kéré. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó gbójú sókè. Ó rí i pé èmi nìkan ni mo dé.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Yèyé, n kò mú un bọ̀."

Ó ní, "N kò rán ọ pé kí o mú un bọ̀. Mo ní kí o lọ bá a."

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀.

"Ìwọ ló ń pè," ó ní. "Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn lórí òkè. Bó bá jẹ́ èmi ni, 'Yèyé' ni ì bá fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, mo ń retí kó jẹ́ èmi. Kì í ṣe èmi." Ó gbá ewé kan kúrò lórí itan rẹ̀. "Ṣé o dá a lóhùn?"

"Mo dá a lóhùn."

"Kí lo wí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi ju bí mo ṣe ké e lẹ́bàá ihò lọ. Mo ní, "Mo ní, 'Ọdẹ́lànà, èmi nìyí. Èmi ni mo ṣí ọwọ́. Kò rẹ̀ mí. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì ṣí i.'"

Àgbálùmọ̀ kan já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú wò ó.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó máa gbọ́ ọ?"

"Wọ́n ní ó máa gbọ́ ọ."

"Ó dáa." Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Lọ wẹ̀. Eruku ti pọ̀ jù lára rẹ."

Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti tẹ́ ẹní kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ igi náà. Mo dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi sùn. Fún ọjọ́ méjì náà, ó jókòó tì mí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lójú mi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á ṣe.

Èmi kò mọ̀. N kò rí i, n kò mọ atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ náà lára. Àwọn ará ilé ló sọ fún mi.